Gọ́tà Tí Wọ́n Ń Sanwó Dí

Kí òfin tuntun tó dé ọjà wa l'Ókòkòmáíkò, ìtìjú la fi ń tọ́jú gọ́tà. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, kí á tó ṣísọ̀, oníkálukú á gbá iwájú tiẹ̀. Bí ẹnì kan bá da pàǹtí sí gọ́tà, a ó fi orin bú u títí ojú á fi tì í. Èmi ni mo máa ń dá orin yẹn. Ẹ ti mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi.

Ni ọkùnrin ọ́fíìsì ìmọ́tótó kan bá dé. Ó ní orin kì í ṣòfin, pé owó ló ń dun èèyàn jù: ẹni tó bá da pàǹtí, kó san owó ìtanràn, yóò jáwọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, a pàtẹ́wọ́.

Ọmọkùnrin tó ń ta tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ yé. Ó wò ó pé ìtanràn kéré sí owó tí àwọn akópàǹtí ń gbà. Ni gbogbo páálí ọjà rẹ̀ bá ń wọ gọ́tà.

"Ìwọ ọmọ yìí, ojú ò tì ẹ́?"

"Kí ló fẹ́ tì mí lójú níbẹ̀, Màmá? Mo ti sanwó!"

Mo dá orin, kò sẹ́ni tó gbè é. Wọ́n ní ó ṣáà ti sanwó. Kò pẹ́, àwọn náà ń san, wọ́n ń dà á.

Gààrí lèmi ń tà. Òjò kan rọ̀, gọ́tà da omi sínú ìsọ̀ mi, àpò gààrí mi bá di ẹ̀bà tí kò rọ́bẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Gbogbo òwò mi ló wà nínú ẹ̀bà yẹn.

Mo lọ bá ọkùnrin ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, gọ́tà lẹ ń tà fún wọn o!"

"Màmá, òfin ń ṣiṣẹ́. Ẹ ò rí i bí owó ṣe ń wọlé?"

Mo padà sídìí gààrí mi.

Nígbà tí gààrí náà kan, tó ń rùn, mo kọ́kọ́ lọ san ìtanràn tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo rù ú, mo dà á síwájú onítẹlifíṣọ̀n. Àwọn oníbàárà rẹ̀ fọwọ́ di imú, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Màmá! Kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo ti sanwó, ọkọ mi."

Ó gbé ṣọ́bìrì, ó ń kùn, ó kó gààrí mi kúrò. Páálí tirẹ̀ ò kúrò nínú gọ́tà. Òjò sì ti ń ṣú bọ̀ láti ìhà Ìjànìkín.