Abala Mẹ́ta Tí Kò Sí Nínú Ti Òyìnbó

Láti ẹ̀yìn ni Yíwọlá Akínfẹ́nwá ti máa ń ka ìwé. Ìwé ètò ìsìn. Ìwé àdéhùn onílé àti ayálégbé. Ìwé pélébé inú páálí oògùn. Ojú ewé ìkẹyìn kọ́kọ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, nínú yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àdéhùn orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè sí. Kì í ṣe aṣojú ìjọba. Ayẹ̀wéwò lásán ni.

Nígbà tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ àjọṣepọ̀ orílẹ̀-èdè ní yunifásítì, bàbá rẹ̀ bi í pé, "Ṣé ìkíni lo fẹ́ fi ọdún mẹ́rin kọ́ ni?" Títí dòní, ní Third Avenue ní Festac, yẹ̀yẹ́ náà ò tíì tán. Àńbásádọ̀ tí ò wọ bàálù rí.

Ìkẹ́, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú, ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ yìí ló ti sú u. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń ran àwọn nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kan ní Satellite Town. Bọ̀dá Charles, tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ kan, ti bá a wá iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó sí ilẹ̀ Lárúbáwá. Ọjọ́ Ẹtì ni yóò wọ bàálù. Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Charles gbé ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà wá kí Ìkẹ́ fọwọ́ sí i.

Yíwọlá na ọwọ́. "Gbé e wá."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀," Ìkẹ́ ní. "Báyìí náà lẹ ṣe tí Tòkunbọ̀ fi sá lọ. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi, tó wá mọ ẹbí, ẹ ní kó mú ìwé ọjọ́ ìbí wá."

"Ṣé ó mú un wá?"

"Àǹtí!"

Charles rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tó pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Mọ́mì, ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

"Mo fọkàn tán ọ. Ìwé ni mi ò tíì fọkàn tán."

Ojú ewé ìkẹyìn. Ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́tà wínníwínní: bí ìwé ti èdè Òyìnbó àti ti èdè Lárúbáwá bá takora, ti Lárúbáwá ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

"Ti Lárúbáwá dà?"

"Òun ló wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn, Mọ́mì. Ọ̀kan náà ni. Wọ́n kàn túmọ̀ ẹ̀ ni."

"Ta ló túmọ̀ ẹ̀?"

Charles ń wo fóònù rẹ̀.

Yíwọlá ò gbọ́ Lárúbáwá. Àmọ́ iṣẹ́ ti kọ́ ọ: èdè tí o ò bá gbọ́, ka iye abala rẹ̀. Ó mọ nọ́ńbà wọn. Ó fi ìka tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀. Ti Òyìnbó, abala mẹ́rìnlá. Ti Lárúbáwá, mẹ́tàdínlógún. Ó tún un kà.

"Abala mẹ́ta ló jábọ́ lójú ọ̀nà," ó ní. "Ìkẹ́, lọ pe Ààfáà Afeez."

Ilé kejì ni Afeez ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Lárúbáwá. Orí ìdúró ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tó yá, ó wá àga.

"Àkọ́kọ́: ọwọ́ ọ̀gá ni páásípọ́ọ̀tù á máa wà. Èkejì: ilé tó bá wu ọ̀gá ló lè rán an lọ ṣiṣẹ́. Ẹ̀kẹta..." Ó wo Ìkẹ́. "Kò gbọdọ̀ kúrò nílùú fún ọdún mẹ́ta, àfi tí ọ̀gá bá yọ̀ǹda."

"Arúgbó ńkọ́?" Ìkẹ́ bèèrè. "Ilé ìtọ́jú arúgbó?"

"Kò sí arúgbó kankan níbí, àbúrò mi."

Charles dìde. Ó tún jókòó. "Irú ìwé yìí ni Juliana fọwọ́ sí," ó ní. "Àbúrò mi ni. Oṣù kẹjọ rèé tó ti lọ. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti gbóhùn ẹ̀ gbẹ̀yìn."

Omi lé ròrò sójú rẹ̀. Yíwọlá wo omi ojú náà bó ṣe wo ìwé.

"Páásípọ́ọ̀tù Ìkẹ́ dà?"

"Ó wà ní ọ́fíìsì. Ní àdúgbò Raji Rasaki."

"Dìde. A jọ ń lọ ni."

Ní ọ́fíìsì, Ìkẹ́ fúnra rẹ̀ ló yọ páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀. Nínú Márúwá tó gbé wọn padà, ó dì í mọ́wọ́. Charles tẹ̀ lé wọn wọlé.

"Mọ́mì, nípa ọ̀rọ̀ Juliana, ta lèèyàn máa ń lọ bá?"

"Ilé iṣẹ́ aṣojú wa tó wà níbẹ̀." Yíwọlá ti fa ìwé àti bírò yọ. "Òfin kan wà tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ fọwọ́ sí: aṣojú wa lẹ́tọ̀ọ́ láti bá ọmọ wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Lẹ́tà tó bá dárúkọ òfin yẹn kì í jọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Orúkọ ọ̀gá Juliana?"

Charles ò mọ̀ ọ́n.

"Àdúgbò tó ń gbé?"

Kò mọ̀ ọ́n.

"Ibi tí ẹ ò mọ̀," Ìkẹ́ ní, jẹ́jẹ́, "ibẹ̀ lẹ fẹ́ rán èmi náà lọ lọ́jọ́ Ẹtì."

Charles sorí kọ́. Ìkẹ́ fa àga sún mọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ tún bi í ní ìbéèrè míràn."