Ọmọbìnrin Tó Dì Mí Lọ́wọ́ Mú ní Ìdíkọ̀ Òkìtìpupa

Ọjọ́ tí mo fẹ́ san owó ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Owó epo pupa tí bàbá mi ṣe ní Igbódìgò ló wà ní báńkì, ọjọ́ náà gan-an sì ni gbèdéke ìsanwó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dúró nílé, ni mo bá gun ọ̀kadà lọ sí ìdíkọ̀ Òkìtìpupa. Bí mo ṣe jókòó sórí bẹ́ǹṣì ni dátà mi tán.

Inú mi dùn nígbà tí mo rí wáífáì ọ̀fẹ́ lórí fóònù. Bí mo ṣe wọ̀ ọ́, ó ní kí n kọ nọ́ńbà káàdì báńkì mi àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀. Mo ti ń kọ ọ́ lọ nígbà tí ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí dì mí lọ́wọ́ mú.

"Bọ̀dá, ta ló ni wáífáì yẹn?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Ẹ ò mọ̀ ọ́n, ẹ wá fẹ́ fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín?"

Mo pa wáífáì náà kíákíá, mo sì bẹ ọmọbìnrin náà pé kó jẹ́ kí n lo dátà tirẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi náà ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ mí ni?"

Ó fi owó ọwọ́ rẹ̀ ra káàdì ìpè fún mi. Mo fi ra dátà, mo sì sanwó náà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bọ́lánlé, ọmọ Òde-Ayé, ni ọmọbìnrin náà. Ìyàwó mi ni báyìí. A ti mọ ara wa dáadáa, síbẹ̀ tó bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, yóò kọ́kọ́ kọ ẹ̀yìn sí mi.