Ọ̀rọ̀ méjìlá tí ìyá mi pín fún ará ilé

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ìyá mi yìí o.

Fóònù wọn bọ́ sómi láàárọ̀ yìí. Orí rẹ̀ ni ìdánimọ̀ tí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ṣe fún wọn ní Ìrókò níbí wà. Blockchain ni wọ́n fi ṣe é: ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà púpọ̀, ẹnì kan ò lè dá yí i padà. Láìsí i, wọn ò ní rí gbà nínú ajílẹ̀ tí ẹgbẹ́ fẹ́ pín lọ́la.

Ọ̀rọ̀ méjìlá tí ẹgbẹ́ fún wọn nígbà náà, ní títẹ̀léra, ló máa ṣí i lórí fóònù tèmi.

"Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn dà?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n kọ. Mo pín in fún ará ilé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ́nì kọ̀ọ̀kan."

Inú bí mi. "Ṣebí wọ́n ní kẹ́ ẹ má fi han ẹnikẹ́ni!"

"Ta ló mọ ju ẹyọ kan lọ? Láti orí àgbà títí dórí àbúrò ni mo sì tò ó. Ta ni ò mọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nínú ilé yìí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti yàrá dé yàrá.

Mo gba mọ́kànlá kí wọ́n tó kírun ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ló kù, ọwọ́ Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló wà. Màámi ò sì kí wọn mọ́ láti ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọn ti jẹ ẹ̀gẹ́ wa.

Bàbá ní, "Kí ìyá ẹ tó fi í pa mọ́ sí mi lọ́wọ́ wá gbà á fúnra rẹ̀."

Nígbà tó yá, Màámi wé gèlè, wọ́n lọ kúnlẹ̀.

Bàbá sọ ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n wá ní, "Ìyàwó, jókòó."

Ìdánimọ̀ ti ṣí tipẹ́. Ẹ̀rín àwọn méjèèjì ni mo ṣì ń gbọ́ látibí.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ta lẹ máa fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sí lọ́wọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá ẹ̀gbọ́n yín yan odì ni mò ń bi o.