Ọjọ́ Tí A Jẹ Ẹsẹ̀ Bọ̀dá Jímọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré, adìẹ ni mo fi ń mọ̀ bóyá agbábọ́ọ̀lù kan yóò lè padà sórí pápá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dà bí àwàdà létí ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nígboro, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ṣe rí gan-an, nítorí títí di òní, bí mo bá ti rántí rẹ̀, àyà mi ṣì máa ń já.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi àgbà ni mo ti dàgbà, ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjàyè. Alákíà nígboro ni àwọn òbí mi ń gbé, inú yàrá kan ṣoṣo, ni wọ́n bá fi mí ránṣẹ́ sí Bàbá. Bàbá ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo agbègbè fi mọ̀ wọ́n ni eegun títò. Bí ẹnìkan bá já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, bí ọ̀kadà bá gbé ẹlòmíràn ṣubú, ilé wa ni wọn yóò gbé e wá. Òórùn òrí ló máa ń wà lára ògiri ilé wa. Iṣẹ́ tèmi ni kí n gbálẹ̀ láàárọ̀, kí n da àgbàdo fún adìẹ, kí n pọnmi, kí n tó lọ sílé ìwé. Bí ilẹ̀ kò bá mọ́, pàṣán wà lókè ilẹ̀kùn, kì í sì í ṣe pé wọ́n gbé e síbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí iṣẹ́ oko bá ti dínkù, àwọn ọkùnrin abúlé máa ń gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ní pápá ẹ̀yìn ilé ìwé, àwọn àti àwọn ará abúlé tó yí wa ká. Ọyẹ́ á ti la gbogbo ètè wa. A ó jókòó sórí koríko gbígbẹ, iṣu sísun lọ́wọ́ wa, epo pupa ń kán sí wa láṣọ.

Àwa ọmọdé ní eré tiwa tí a ń ṣe lórí eré àwọn àgbà. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú wa yóò mú ọkùnrin kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù abúlé wa gẹ́gẹ́ bíi tirẹ̀. Bí ẹni tí o mú bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn ìyókù ni yóò bá ọ pọnmi lọ́sẹ̀ náà. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá gbá ẹyọ kan wọlé títí di eré ìkẹyìn, òun ni yóò máa pọnmi fún gbogbo wa títí òjò yóò fi rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti fi igbá gbọ́n omi rí nínú odò tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ mọ irú ìyà tí mò ń sọ.

Bí a ṣe ń mú ẹran nínú àwo ni a ṣe ń mú ènìyàn: ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú, àbúrò ló ń mú kẹ́yìn. Ráfíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló dàgbà jù láàárín wa, òun ló máa ń mú ọ̀dọ́kùnrin tó ń sáré jù. Èmi ni mo kéré jù. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nígbà tó fi máa kàn mí, Bọ̀dá Jímọ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Ráfíù wò mí, ó ní, "Múíná, ìgò lo mú yẹn o. Máa rọra gbé e, kó má fọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́."

Wíńgà ni Bọ̀dá Jímọ̀, ẹni tí ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ pápá. Wọ́n ti ń sún mọ́ ogójì ọdún nígbà náà. Àwọn àgbà sọ pé nígbà èwe wọn, tí wọ́n bá kọjá lára ènìyàn, eruku nìkan ni onítọ̀hún máa ń rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ẹ̀rùn kan tí wọn kì í fara pa. Bí kì í bá ṣe orúnkún, á jẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ilẹ̀kùn kíláàsì kan tó ti yọ ni wọ́n fi ń gbé wọn jáde, ọkùnrin mẹ́rin á dì í mú, ìyá wọn á sì máa tẹ̀ lé wọn, ọwọ́ méjèèjì lórí. Ó ti pẹ́ tó ti di ẹ̀fẹ̀. Bí Bọ̀dá Jímọ̀ bá ti wọ pápá, ẹnìkan á pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ gbé ilẹ̀kùn yẹn sún mọ́ tòsí o." Gbogbo ènìyàn á rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn kì í rẹ́rìn-ín.

Ní eré kejì ọdún náà, ó ṣẹlẹ̀. Mo rí i tí wọ́n ṣubú, mo sì rí ilẹ̀kùn tó ń bọ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni omi odò. Ìrora wọn kọ́ ni mo kọ́kọ́ rò, omi ni. Ọmọdé ni mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń yà mí lẹ́nu pé ọkàn ènìyàn lè yára lọ síbẹ̀.

Ilé wa ni wọ́n gbé wọn wá. Bàbá tẹ ojúgun wọn wò, wọ́n ní eegun ọ̀hún sán ni, kò pín sí méjì. Wọ́n fi òrí ra á, wọ́n fi ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, wọ́n fi aṣọ dì í. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n lọ mú adìẹ wá. Mo mú adìẹ pupa kan, mo rò pé wọ́n fẹ́ fi se ọbẹ̀ fún aláìsàn. Bàbá ní, "Bísímílà," wọ́n sì ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ náà.

Ìró rẹ̀ kò ju ìró igi ìdáná gbígbẹ lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè sunkún, n kò lè sá. N kò rí i rí tẹ́lẹ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé dúró níbẹ̀. Bàbá fi òrí pa ẹsẹ̀ adìẹ náà, wọ́n fi ọparun àti aṣọ dì í gan-an bí wọ́n ṣe di ti Bọ̀dá Jímọ̀. Wọ́n ní, "Jímọ̀, ìwọ àti òun lẹ jọ ń rìn báyìí. Ọjọ́ tó bá fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, ìwọ náà á tẹlẹ̀." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Múíná, ìwọ lo máa bọ́ ọ."

Bí mo ṣe di ẹni tí gbogbo ọmọ abúlé ń wá nìyẹn. Láàárọ̀, Ráfíù á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, á ní, "Adìẹ ńkọ́?" Mo lè dáhùn pé ó ṣì ń fi ẹsẹ̀ kan fò, tàbí pé ó ti ń fi ìka kan ilẹ̀. Tí mo bá sọ ọ́ tán, Bàbá máa ń rán mi lọ sọ́dọ̀ Bọ̀dá Jímọ̀ pẹ̀lú òrí, èmi náà á sì ròyìn adìẹ fún wọn. Lọ́jọ́ kan, mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù wọlé ní eré ìkẹyìn. Wọ́n fọwọ́ kan aṣọ tí a fi di ẹsẹ̀ wọn.

Wọ́n ní, "Múíná, mo ti gbá gòólù tó. Ohun tí mo ń wá ò ju kí n fi ẹsẹ̀ ara mi rìn jáde lórí pápá yẹn lẹ́ẹ̀kan, kí ìyá mi máa wò mí."

Inú bí mi. Mo fẹ́ bi wọ́n pé omi tèmi ńkọ́, ṣùgbọ́n a kì í sọ irú ẹ̀ fún àgbà. Mo kàn gbé àwo òrí, mo lọ sílé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àgbàdo kún ti adìẹ pupa náà.

Ó pẹ́, ó yá, ẹsẹ̀ jinná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, tí eré ìkẹyìn ṣì ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá tú aṣọ àti ọparun kúrò lẹ́sẹ̀ adìẹ. Ó sá lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá ní ó di ọjọ́ kejì kí àwọn lọ tú ti Bọ̀dá Jímọ̀.

Ọjọ́ kejì náà ni Àǹtí Rúkà, àbúrò bàbá mi tí wọ́n ń ṣe tíṣà ní Ẹgbẹ́dá, wá kí wa. Àǹtí Rúkà kì í jókòó lásán. Kí Bàbá tó ti oko dé, wọ́n ti gún iyán, wọ́n ti se ọbẹ̀ adìẹ tí òórùn rẹ̀ dé ọ̀nà odò. Èmi àti Ráfíù jọ jẹun láwo kan. Ẹsẹ̀ adìẹ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo jẹ ẹran ara rẹ̀ tán, mo ń fa eegun rẹ̀ mu, ni ahọ́n mi bá kan kókó kan láàárín eegun náà, kókó líle bí èkùrọ́.

Mo yọ ọ́ lẹ́nu. Mo wò ó. Mo wo ojúde, mo ka àwọn adìẹ, mi ò rí pupa náà. 

Bàbá rí ojú mi, wọ́n rí eegun tó wà lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Rúkà, adìẹ wo lo pa?"

"Èyí tó pupa yẹn ni, Bàbá. Òun ló sanra jù."

"Adìẹ Jímọ̀ ni."

Àǹtí Rúkà fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí kò sí aṣọ lẹ́sẹ̀ adìẹ mọ́, bí èyíkéyìí nínú wọn ló rí, èmi ni mo sì bọ́ ọ tó fi sanra. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, Ráfíù ti dìde, ó ti jáde. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, gbogbo abúlé ti gbọ́ pé a ti fi iyán jẹ ẹsẹ̀ Jímọ̀.

Nígbà tí Bàbá dé ilé Bọ̀dá Jímọ̀, èmi lẹ́yìn wọn, Bọ̀dá náà dùbúlẹ̀ lórí ẹní, wọ́n kọjú sí ògiri. Ìyá wọn jókòó sẹ́bàá wọn. Bàbá tú aṣọ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní ó ti jinná, kí wọ́n dìde. Bọ̀dá Jímọ̀ ò dìde.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ pé èmi àti òun la jọ ń rìn."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ibo ló rìn dé báyìí?"

Ìyá wọn ní, "Inú Múíná." Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín. Ìtìjú mú mi débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Bàbá kò bínú. Wọ́n na ọwọ́ sí mi, ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé mo ṣì di eegun náà mú láti ilé. Wọ́n gbé e fún Bọ̀dá Jímọ̀. "Ṣẹ́ ẹ."

Bọ̀dá Jímọ̀ jókòó. Wọ́n di orí rẹ̀ méjèèjì mú, wọ́n fi àtàǹpàkò méjèèjì tẹ ibi kókó náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí iṣan ọrùn wọn fi yọ. Eegun náà kán lójijì, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀, níbi tí kò tíì kán rí, ló ti kán. Kókó náà kò mira. Gbogbo wa ń wo ìdajì eegun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá wọn ló gbà á, wọ́n fi eyín dán an wò, wọ́n dá a padà, wọ́n ní, "Jímọ̀, dìde." Bọ̀dá Jímọ̀ sì dìde.

Ní eré ìkẹyìn, ó kù díẹ̀ kó parí kí Bọ̀dá Jímọ̀ tó wọ pápá. Ẹnìkan pariwo pé kí wọ́n gbé ilẹ̀kùn yẹn sún mọ́ tòsí. Mo rí ìyá wọn lórí àpótí, wọ́n tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ itan bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọwọ́ náà gòkè lọ sórí. Bọ̀dá Jímọ̀ sáré lẹ́ẹ̀mejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹnìkan ta wọ́n lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ṣubú. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dìde nídìí ilẹ̀kùn.  Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò rántí omi rárá ní àkókò yẹn. Bọ̀dá Jímọ̀ wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ń fọwọ́ wá ojúgun wọn. Wọ́n dìde. Wọ́n gbọn eruku.

Wọn ò gbá gòólù kankan. Nígbà tí fèrè dún, gbogbo àwọn yòókù ń sáré kiri, Bọ̀dá Jímọ̀ ń rìn bọ̀ láti ìkángun pápá, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́, wọn ò tiro. Ariwo pápá rọlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn, wọ́n jókòó sílẹ̀ níwájú àpótí náà, wọ́n bọ́ bàtà. Wọ́n ní, "Ó tán." Wọn kò wọ̀ ọ́ mọ́ títí di òní.

Ráfíù fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Kò gbá gòólù o." Mo ní mo mọ̀. Mo pọnmi fún gbogbo wọn títí òjò fi rọ̀, n kò sì kùn.

Ayé ti yí báyìí. Mo ti kàwé gboyè, mo ti sin ìlú, Alákíà ni mo wà tí mò ń retí iṣẹ́. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì ń mú agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n lórí fóònù ni, àwọn ará òkèèrè tí a kò lè rí láé. Bí ọ̀kan bá fara pa, àmì pupa kékeré á yọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí adìẹ láti bọ́, kò sí òrí láti gbé lọ. Wíńgà àgbàlagbà kan wà lọ́dọ̀ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹni tí kì í pẹ́ fara pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àmì pupa yọ sí i. Mo fi àtàǹpàkò tẹ orúkọ rẹ̀, mo fi ọmọdé kan rọ́pò rẹ̀, kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Lẹ́yìn tí mo ṣe é tán ni àyà mi já. N kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ọ̀tún ni tàbí òsì, kò sì wá sí mi lọ́kàn láti wò ó.