Ọwọ́ Tó Ń Bá Ojú Ríran ní Thornsike

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Edwin Garside fi ṣọ́ ilé àmì, níbi tí a ti ń darí ọkọ̀ ojú irin, ní ibùdókọ̀ Thornsike, kò sì sí ẹni tó sanwó iṣẹ́ náà fún un rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún gbogbo àwa tí a jọ wà níbẹ̀. Ìjọba ti pa ojú irin wa tì tipẹ́tipẹ́. Àwa ará àfonífojì ni a gbà á padà, tí a tún un ṣe, tí a sì ń wa ọkọ̀ eléèéfín àtijọ́ lórí rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Lẹ́tà ni Garside ń pín láti ojúlé dé ojúlé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé, nínú ilé onígíláàsì tó wà lókè àtẹ̀gùn mẹ́tàlá yẹn, kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀.

Nǹkan méje ló wà nínú ilé náà: irin ìfà mẹ́rìndínlógún tí a fi ń darí àmì, tí Garside máa ń fi aṣọ pupa dì mú kí òógùn ọwọ́ má baà mú wọn dípẹtà, sítóòfù, kẹ́tùlù kan tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, aago ògiri, tẹlifóònù, ìwé ńlá tí a ń kọ ìrìn ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí, àti ìkọ́ méjì lára ògiri. Ìkọ́ méjì yìí ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ojú irin kan ṣoṣo ló wà láti Nunbridge ní ìsàlẹ̀ títí dé Thornsike, irin kan ṣoṣo náà ló sì wà láti Thornsike dé Hawksett lókè. Kí ọkọ̀ méjì má baà forí sọ ara wọn, ọ̀pá àṣẹ kan péré ni a ṣe fún ìpín kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ tí kò bá ní ọ̀pá ìpín náà lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú rẹ̀. Orí ọ̀pá Nunbridge rí róbótó. Orí ọ̀pá Hawksett ní igun mẹ́rin. A sì fín orúkọ sára idẹ tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin sọ pé kí olùṣọ́ àmì pe orúkọ ọ̀pá bí ó ti ń fi í lélẹ̀, kí awakọ̀ sì ka orúkọ náà lára idẹ, kí ó pè é padà. Mo ní kí ó kà á. N kò ní kí ó rántí rẹ̀.

Láti oṣù Kẹta ọdún náà ni Garside kò ti lè ka idẹ yẹn mọ́. Ibi tó bá tẹjú mọ́ gan-an ni kì í rí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń rí, bí ẹni tí ìka ẹlòmíràn dí ní ojú. Dókítà ti sọ fún un pé kò ní sàn. Winifred ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ó ń fi ọwọ́ ṣe ohun tí ojú ń ṣe: yóò gba ọ̀pá, yóò fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún pa á lórí, yóò sì mọ èyí tó jẹ́. Àyẹ̀wò ojú ọdọọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé Sátidé àjọ̀dún ìgbà ìwọ́wé.

“Ṣé wàá sọ fún wọn ni, àbí kí n sọ ọ́?” Winifred bi í ní àárọ̀ Sátidé náà, bó ti ń di oúnjẹ rẹ̀ fún un.

“Lẹ́yìn àjọ̀dún, Winnie.”

“Lẹ́yìn Àjíǹde lo kọ́kọ́ sọ. O tún ní lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn.”

“Tí wọ́n bá gba ilé yẹn lọ́wọ́ mi, kí ni màá wá máa ṣe? Ṣé kí n máa bá ẹ yọ koríko láàárín òdòdó ni?”

“Koríko kì í pa èèyàn,” ni Winifred wí, ó sì dé ọpọ́n oúnjẹ náà gbàgà.

Ohun tí n kò fi ojú ara mi rí lọ́jọ́ yẹn, ẹnu Garside fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ, nítorí orí pèpéle nísàlẹ̀ ni èmi, tíṣà ilé ìwé, wà, tí mò ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò. Ní aago mẹ́wàá, ó fi ọwọ́ gbá sítóòfù tó ti gbóná mú. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bó. Ó fi báńdéèjì wé e nípọn, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọ̀sán, ọkọ̀ méjì a máa pàdé ní Thornsike. Ti Nunbridge ló máa ń kọ́kọ́ dé. Garside yóò gba ọ̀pá olórí róbótó, yóò gbé e gun òkè, yóò fi í kọ́ sí ìkọ́ òsì. Ti Hawksett yóò wá tẹ̀lé e, ọ̀pá onígun mẹ́rin yóò bọ́ sí ìkọ́ ọ̀tún. Bí ó ti ń rí nìyẹn láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lọ́jọ́ yìí, èrò pọ̀ ní Nunbridge. Ọkọ̀ Hawksett ló kọ́kọ́ dé.

Philippa Tordoff ló wà á wá, obìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bá àṣìṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Garside gba ọ̀pá rẹ̀, ó sì gbé e gòkè. Ọ̀pá tó bá kọ́kọ́ dé, ìkọ́ òsì ni ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ìkọ́ òsì ló fi í kọ́ sí.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn náà ni Seth Mallinson wọlé láti Nunbridge, tí ooru ń rú láti gbogbo ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí àwọn olùwòran tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà pẹ̀lú kámẹ́rà àti fúláàsì tíì wọn sì ń pariwo ayọ̀.

“Edwin! O ṣì wà láyé? Mo rò pé wọ́n ti gbé ẹ lọ sílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.”

“Kí wọ́n kọ́kọ́ wá gbé ìwọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lo fi pẹ́. Ṣé ẹ̀ ń fẹsẹ̀ tì í bọ̀ ni?”

“Bi Leonard. Òun ló ń dáná bíi pé ó ń yan búrẹ́dì.”

Leonard Umpleby, adáná ọkọ̀ náà, ẹni tó ń yan búrẹ́dì fún gbogbo ìlú láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, yọ orí jáde. “Búrẹ́dì mi lo jẹ láàárọ̀ yìí, ọ̀gá. Gbé ẹnu rẹ sọ́hùn-ún.”

Ẹ̀rín ń pa wọ́n. Garside gba ọ̀pá olórí róbótó, ó gbé e gòkè, ó fi í kọ́ sí ìkọ́ tó ṣófo, ìyẹn ìkọ́ ọ̀tún. Ó kọ àkókò sínú ìwé. Ó wá mú ọ̀pá kan láti ìkọ́ ọ̀tún fún ọkọ̀ tó ń lọ sí Hawksett, gẹ́gẹ́ bí ìṣe. Ó pa á lórí. Báńdéèjì kò sọ nǹkan kan fún un. Ó ní òun dúró díẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi ọwọ́ òsì pa á, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì ti di irin àtẹ̀gùn mú, fèrè Seth sì ti dún.

“Thornsike sí Hawksett,” ni Garside wí.

“Thornsike sí Hawksett,” ni Seth dáhùn, tí ojú rẹ̀ wà lára aago tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ogún ọdún ni Garside ti ń fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, kò sì ṣì í rí. Ọ̀pá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ náà ni ó tún gbà. Ọkọ̀ náà ṣí, èrò ọgọ́jọ ló wà nínú rẹ̀, ó sì wọ inú igbó lọ.

Garside lọ mú ọ̀pá kejì, ó gbé e fún Philippa. “Thornsike sí Nunbridge.”

Philippa gbà á. Ó wo idẹ náà, ó sì tún un wò. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹni kankan lórí pèpéle má baà gbọ́. “Ọ̀gbẹ́ni Garside, èyí tí mo fún yín lẹ fún mi padà.”

Mo rí ojú Garside láti ibi tí mo wà. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú. Lẹ́yìn náà ni ó já ọ̀pá náà gbà, ó sì gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlá yẹn bí ọmọdé tí a ń lé.

Ó pe Hawksett lórí tẹlifóònù. Ó dún títí. Ó tún un pè. Nígbà tí wọ́n gbé e, ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ohunkóhun gbéra. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń gbéra. Báwo ni yóò ṣe gbéra nígbà tí ọ̀pá kò sí lọ́dọ̀ wọn? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pá tí ó lè jẹ́ kí ọkọ̀ wọ ìpín náà wà lọ́wọ́ Garside. Ó mọ èyí. Ó ti kọ́ ogójì ènìyàn ní òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ òfin. Ó ń béèrè pé: bí ẹnìkan bá ti ti kẹ̀kẹ́ àtúnṣe sórí irin ńkọ́? Bí aago òun kò bá pé ńkọ́? Bí òun bá ti ṣe irú èyí rí, tí òun kò sì mọ̀ ńkọ́?

Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni láti Thornsike dé Hawksett. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá pé. Ó di ogún. Tẹlifóònù Hawksett ní Seth kò tíì dé. Ó di ọgbọ̀n. Lórí pèpéle, èrò ọkọ̀ Philippa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ọkùnrin kan bi mí bóyá ẹṣin ni a óò fi gbé wọn délé. Philippa kò lè gbéra, nítorí ọ̀pá tirẹ̀ wà nínú igbó lọ́wọ́ Seth. Ó kàn ń nu irin tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀. Lókè, Garside tẹ etí mọ́ gíláàsì, ó ń retí ìró kan tí kò fẹ́ gbọ́.

Leonard ló yọ lójú irin, tí ó ń sáré tẹ̀lé ọ̀nà ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ dúdú fún èédú, ó sì di nǹkan kan mú lábẹ́ kóòtù. Ó gun àtẹ̀gùn. Philippa tẹ̀lé e. Èmi náà gòkè, kí n lè mọ ohun tí n óò sọ fún èrò.

“Kò sẹ́ni tó fara pa,” ni Leonard kọ́kọ́ wí, bó ti ń mí hẹlẹ. “Seth ṣíjú wo ọ̀pá lẹ́yìn afárá, ó sì tẹ bíréèkì. Ó ní òun ò ní sún síwájú tàbí sẹ́yìn láìsí ọ̀pá tó yẹ.” Ó fa ọ̀pá olórí róbótó yọ. Garside gbà á, ó fi ọwọ́ òsì pa á lórí, ó sì jókòó.

“Seth ránṣẹ́ sí ẹ,” Leonard tún wí. “Ó ní kó o kọ ọ́ pé ooru ló tán nínú ẹ́ńjìnnì. Iná ló kú. Ọ̀rọ̀ bùṣe.”

“Iná kì í kú lọ́wọ́ rẹ, Leonard.”

“Òní ló kú. Wọ́n á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di Kérésì, kò sì ní pa mí. Ìwọ, wọ́n á lé ẹ lọ.”

“Ìwọ ńkọ́?” Garside kọjú sí Philippa, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wò, kí ó lè rí i.

“Mi ò ní purọ́,” ni ó dáhùn. “Àmọ́ tí wọn ò bá bi mí, mi ò ní sọ.” Ó ń fi ìka yí bọ́tìnì. “Ọ̀gbẹ́ni Garside, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa kà á.”

Garside gbé ọ̀pá onígun mẹ́rin fún Leonard, ó ní kí ó ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Leonard kà á. Ó gbé èkejì fún Philippa; òun náà kà á. Wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ méjèèjì ti lọ tán, tí tẹlifóònù sì ti ní Seth ti dé Hawksett, ni Garside ṣí ìwé náà. Ó fi rúlà tẹ orí ìlà kí ó má baà ṣìnà, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ tán. Ó tì í sí mi.

“Kà á fún mi, tíṣà. Ṣé ó wà lórí ìlà?”

Kò sí lórí ìlà; ó ti gorí ìlà mẹ́ta. Mo kà á: *Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún. Mo fún Mallinson ní ọ̀pá tí kì í ṣe tirẹ̀. N kò rí idẹ náà. N kò rí i láti oṣù Kẹta. E. Garside.* Lẹ́tà kan ṣì nínú orúkọ Mallinson. Mo ní ó wà lórí ìlà.

Ó fa tẹlifóònù sọ́dọ̀, ó pe ọ̀gá ojú irin ní Nunbridge, ó sì ní kí wọ́n rán ẹlòmíràn wá, nítorí òun kò ní fi ọ̀pá fún ọkọ̀ mìíràn mọ́. Kí ẹni náà tó dé, ó fọ kẹ́tùlù, ó na aṣọ pupa sí orí irin ìfà. Kò mú nǹkan kan lọ.

Nísinsìnyí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ni ó máa ń dúró ní Sátidé, láàárín àwọn olùwòran, Winifred pẹ̀lú fúláàsì tíì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti yí òfin náà: awakọ̀ gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ idẹ, kí ó ka orúkọ náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sókè. Àwọn èrò máa ń rò pé eré ni. Seth ló máa ń kà á sókè jù, tí ó ń kọjú sí ọgbà.

“T! H! O! R! N!”

“Ó ti ń pàwàdà,” ni Winifred wí ní Sátidé tó kọjá.

Garside kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di irin ọgbà mú, àpá jíjó ṣì pọ́n ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, kò sì mí títí Seth fi dé orí lẹ́tà tó kẹ́yìn.