Pèrègún Tí Wọ́n Hú Létí Odò

Ilé kan ṣoṣo tí omi kò wọ̀ ní àdúgbò náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ fi ọ̀dà pupa sàmì sí pé àwọn yóò wó. Màmá àgbà kan, opó, ló ni ín, ní abúlé kan létí Odò Ògùn, lẹ́yìn Ìbàfò. Ìgbà tí òjò ọdún tó kọjá dáwọ́ dúró ni mo débẹ̀.

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó débẹ̀. Mowé ni mò ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn omíyalé. Ọdọọdún ni, ọ̀rọ̀ kan náà, ẹrẹ̀ kan náà. Nígbà tí ọ̀nà bàjẹ́ jù, èmi àti ọlọ́kadà tó gbé mi la jọ ti ọ̀kadà rẹ̀.

"Ẹ̀yin oníròyìn yìí náà," ó ní, "ẹ ò lè máa wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó wo aṣọ mi.

"Dìde. Ẹrẹ̀ ara rẹ ti bá ọ kí mi."

Ilẹ̀ tí ilé rẹ̀ wà ga díẹ̀. Bí odò bá kún, omi kì í gun ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló máa ń gbà yí i ká, tí á lọ dúró ní àbàtà ẹ̀yìn ilé. Ó ní àwọn baba ọkọ òun gbin pèrègún sí ibi tí omi ńlá kan dé láyé àtijọ́, láti ìdí òkè náà títí yí àbàtà ká.

"Wọ́n ní ẹni tó bá kọ́lé kọjá pèrègún, odò ló kọ́ ọ fún."

Ṣùgbọ́n láti etí odò ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi okùn wọn ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà sílẹ̀ fún omi, ilé Màmá ló sì sún mọ́ odò jù. Ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní bí ó bá lè fi ààlà àtijọ́ kan han àwọn, àwọn yóò tún un wò. Kò sì sí pèrègún mọ́.

Àwọn tó ti Èkó wá ra àbàtà ló hú u. Wọ́n rí i tó tò lọ, wọ́n rò pé ojúbọ ni. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n hú u, wọ́n sun ún.

"Wọ́n bi mí pé, 'Mama, ṣé kì í ṣe òrìṣà ilé yín nìyí?' Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ. Mo ní mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Mo mọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí kí wọ́n má lọ pè mí ní àjẹ́. Mo tiẹ̀ ṣe àmín."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni alága àwọn lándílọ́ọ̀dù dé, ọkùnrin kan tó ń ti ibẹ̀ lọ síṣẹ́ l'Ékòó. Ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Inú àbàtà ni ilé tirẹ̀ wà. Àpá omi ti dé fèrèsé.

"Mama, ẹ ò bá ti sọ fún wa nígbà yẹn."

"Ṣé ẹ ó gbọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "A ò ní gbọ́. À bá gbàdúrà fún ẹ̀yin náà mọ́ ọn."

"Ẹ kúkú gbà á fún mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí ẹ fi hú u tán."

Mo bi alága bóyá ó lè bá Màmá jẹ́rìí níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó yíjú sí ilé tirẹ̀. Ibi tí pèrègún gbà yóò yọ ilé Màmá sílẹ̀, yóò sì mú tirẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo hú u," ó ní. "Ọwọ́ mi yìí náà ni."

"Ibo ni pèrègún náà gbà?" mo bi í.

"Ìyẹn, ẹ jẹ́ kómi fà ná."

Nígbà tó lọ tán, Màmá kò gbójú sókè nínú ẹ̀gúsí rẹ̀. "Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ó láwọn ọmọ nínú ilé yẹn."

Lọ́jọ́ kejì mo lọ bá òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bí omi bá fà tán, àwọn yóò padà lọ sí abúlé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí Màmá nìkan kò tó. Àwọn ti ránṣẹ́ sí àwọn lándílọ́ọ̀dù pé kí ẹnì kan nínú wọn wá fẹsẹ̀ tọ ibi tí pèrègún gbà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yọjú, ilé tó ní ọ̀dà pupa ni katakata tí wọ́n fi ń wólé yóò kọ́kọ́ dé.