Ògbufọ̀ Tó Ń Wá Ẹni Tó Ni Fíìmù

Lọ́jọ́ tí Ògbufọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti fẹjọ́ sùn pé wọ́n jí fíìmù òun, ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ṣí ìwé ńlá, ó mú bírò, ó ní kí bàbá jókòó kó rọra rò ó.

"Ta ló jí i, Bàbá?"

"Ọkùnrin tó ń ta fíìmù ní ibùdókọ̀ ni. Ó ń dà á sórí fóònù àwọn èèyàn. Ohùn mi ni mo gbọ́ níbẹ̀, etí mi méjèèjì yìí ni mo fi gbọ́ ọ!"

"Ẹ̀yin lẹ ṣe fíìmù náà?"

"Èmi kọ́. Àwọn ará òkèèrè ló ṣe é."

"Ẹ wá rà á lọ́wọ́ wọn."

"Rárá o."

"Wọ́n fi ta yín lọ́rẹ?"

"A ò mọra rí."

Ọlọ́pàá gbé bírò sílẹ̀. "Báwo ló wá ṣe dọ́wọ́ yín?"

"Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà. Mo fà á wálẹ̀ sórí fóònù mi, mo tú u sí èdè wa. Ọ̀sán mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi tú u! Ni ọ̀gbẹ́ni yẹn bá lọ jí i, kò tiẹ̀ kí mi."

Ọlọ́pàá wo bàbá, ó wo ìwé, ó tún padà wo bàbá. "Ẹ gbọ́, Bàbá. Tí mo bá kọ nǹkan tí ẹ sọ yìí sílẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo máa kọ́kọ́ tì mọ́lé."

"Ẹ tì mí mọ́lé, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹ ti òun náà."

Ọlọ́pàá ronú títí, ọ̀rọ̀ náà kò lójú. Ta ló jí ti ta? Ta ló wá ni ín? Nígbà tó sú u, ó pa ìwé dé, ó na ọrùn sọ́dọ̀ bàbá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, apá kejì ńkọ́? Ìyàwó mi ò jẹ́ kí n sinmi nílé."

Iṣẹ́ Ògbufọ̀ kọ́ ni fíìmù o. Rédíò àti fóònù ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju àkéte lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gba orúkọ. Bí oníwàásù bá ti ọ̀nà jíjìn wá, tí kò gbọ́ èdè wa, Ògbufọ̀ ló máa ń dúró tì í láti tú ìwàásù rẹ̀. Àlejò á sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, Ògbufọ̀ á sọ ọgbọ̀n. Ọjọ́ kan wà tí oníwàásù kan sọ pé Ọlọ́run dára, tó sì dákẹ́ kí wọ́n lè tú u. Ògbufọ̀ mú ọ̀rọ̀ náà, ó gbé e gba inú aginjù, ó gbé e gba orí omi, ó fi bú àwọn tó ń pẹ́ dé ìsìn. Oníwàásù fa àga, ó jókòó. Ìjọ ṣe àmín lẹ́ẹ̀mẹfà kí ọkùnrin náà tó rí àyè dìde.

Ọwọ́ kan náà ló gbé wọ inú fíìmù. Ìyàwó rẹ̀ ló fà á. Aránṣọ ni ìyá náà, ó fẹ́ràn fíìmù òkèèrè bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n kò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ. Bí ẹnu ẹnì kan bá ti mì nínú tẹlifíṣọ̀n, á ní, "Kí ló wí?" Ògbufọ̀ á tú u. "Òmíràn yẹn ńkọ́, kí lòun náà wí?" Lọ́jọ́ tí agara dá a, ó ní òun á kúkú sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí àlàáfíà lè jọba nínú ilé. Ó gbé tìmùtìmù dí fèrèsé kí ariwo òde má bàa wọlé, ó da bùláńkẹ́ẹ̀tì borí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn ara rẹ̀ lé ohùn àwọn ará fíìmù. Òun ni bàálé ilé, òun ni ìyàwó, òun ni ọmọ ọwọ́. Òun náà ni ajá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó rẹ̀ tètè dé láti ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́ ohùn ọ̀dọ́bìnrin kan nínú yàrá. "Mo ti lóyún fún ẹ! Má fi mí sílẹ̀!" Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀. "Rọra o, ìyàwó mi á gbọ́." Ìyá fa ọ̀pá ìwọnṣọ yọ, ó fi ẹsẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Ògbufọ̀ nìkan ló bá lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó fi ìka méjì fún imú.

Ìyá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. "Obìnrin ọ̀hún dà?"

"Èmi ni."

"Ta ló lóyún?"

"Èmi náà ni."

Onígbàgbọ́ tòótọ́ ni Ògbufọ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ ti ẹnu òun jáde. Bí olóògùn olóró bá já bọ́ láti orí ilé alájà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló ní kó tó balẹ̀. Nínú mẹ́ta yẹn, Ògbufọ̀ á jẹ́ kó jẹ́wọ́, kó ronú pìwà dà, kó sì kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀. Bí ọkùnrin àtobìnrin bá sì fẹnu kora, Ògbufọ̀ á wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á ní, "Wọ́n ti dijú, àdúrà ni wọ́n ń gbà." Ìyá arúgbó kan ládùúgbò wò ó, ó mi orí títí. Ó ní, "Àwọn ará ibẹ̀ yẹn mà ń gbàdúrà o! Kódà nínú mọ́tò!"

Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń gbé fóònù wá. Ọ̀fẹ́ ló ń fún wọn. Ó ní ọ̀fẹ́ lòun náà rí i gbà, bí òjò ló rí, ẹni tó bá gbé koto síta ló máa pọn. Ọdún mẹ́rin ló fi sọ bẹ́ẹ̀, tó sì ń sùn dáadáa. Àfi ìgbà tó bọ̀ láti àgọ́ ọlọ́pàá yẹn ni oorun dá lójú rẹ̀. Ìbéèrè ọlọ́pàá ti há a lọ́rùn bí eegun ẹja.

Ní Sátidé, ó lọ bá Pásítọ̀ nínú ọ́fíìsì lẹ́yìn pẹpẹ.

"Pásítọ̀, ṣé olè ni mí?"

"Ṣé ẹ mú nǹkan tí kì í ṣe tiyín ni?"

"Mo mú un, ó ṣì wà níbẹ̀! Ohun tó ń dà mí lọ́kàn rú nìyẹn. Tí mo bá jí búrẹ́dì yín jẹ, ebi á pa yín. Èyí, mo mú un, kò dín. Gbogbo ayé ṣì ń wò ó. Olè wo ló ń jí nǹkan tí nǹkan ọ̀hún ò kúrò lójú kan?"

Pásítọ̀ tún ìdí jókòó. "Àwọn tó ṣiṣẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Tí gbogbo wa bá ń mú un báyìí, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ?"

Ògbufọ̀ wolẹ̀. Ó wá gbójú sókè. "Ìwàásù ọ̀sẹ̀ tó kọjá tó mú mi sunkún yẹn, ibo lẹ ti rí i, Pásítọ̀?"

Pásítọ̀ wúkọ́. Ó wo fáànù tó wà lókè. Fáànù náà ò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ yìí. "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì," ló sọ, ohùn rẹ̀ kò dé ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo onígbàgbọ́ ló mọ̀ pé ẹni tó bá jí nǹkan gbọ́dọ̀ dá a padà. Kò tíì sẹ́ni tó kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan tí kò kúrò níbẹ̀ padà.

Nígbẹ̀yìn, Pásítọ̀ ní, "Ẹ lọ wá àwọn tó ni fíìmù, kí ẹ tọrọ àforíjì. Èmi náà á wá ẹni tó ni ìwàásù."

Ògbufọ̀ fi tirẹ̀ lé e. Ó ní títí tí ẹni tó ni fíìmù á fi dárí ji òun, òun ò ní fọwọ́ kan oúnjẹ Olúwa. Ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ogójì ọdún ni kò tíì pa ìjókòó ìdí tábìlì Olúwa jẹ rí. Bó bá wá di Sunday tí wọ́n ń pín búrẹ́dì àti wáìnì, á dìde jẹ́ẹ́, á lọ jókòó sẹ́nu géètì, á máa wo bàtà ara rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò lè rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Fíìmù ilé ìwòsàn kan, èyí tó tú gbẹ̀yìn, ló ní òun á fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ìparí fíìmù, níbi tí wọ́n ti máa ń to orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ ẹ̀, gígé ló máa ń gé e dànù kí fíìmù lè fúyẹ́. Kò sì tọ́jú ti tẹ́lẹ̀ pa mọ́. Ó di dandan kó padà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó tún fà á wálẹ̀ lódindi. Bàbá tún jalè lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè mọ ẹni tó jà lólè.

Orúkọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló bá níbẹ̀. Ó mú ìwé, ó ń dà wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹnu yà á. Ó rò pé dókítà àti nọ́ọ̀sì inú fíìmù ló ni ín, ó pọ̀ jù kí ọ̀gá kan wà lẹ́yìn wọn. Àṣé ẹnì kan ló ń gbé iná, ẹnì kan ń se oúnjẹ, ẹnì kan ń wa ọkọ̀, ẹnì kan ń tọ́jú ológbò.

"Gbogbo èèyàn yìí," ló ń wí, "torí ẹni méjì tó ń gbàdúrà?"

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ, ó ń gbọ́ bó ṣe ń kà á. Ó ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. "Ẹ tún èyí kà. Iṣẹ́ kí lẹ ní ó ṣe?"

"Ó fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ."

"Wọ́n kọ orúkọ ẹni tó lọ aṣọ síbẹ̀? Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń ránṣọ fún ìlú yìí, kò sẹ́ni tó kọ orúkọ mi sára ògiri pàápàá. Ọkọ mi, ẹ kọ̀wé sí ìyẹn."

Ó kọ̀wé sí gbogbo ẹni tó bá rí. Ilé iṣẹ́ tó ni fíìmù ló kọ́kọ́ kọ sí, èsì sì dé kí ó tó gbé fóònù sílẹ̀, pé wọ́n dúpẹ́, pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe pàtàkì sí wọn, pé kó má fèsì. Inú rẹ̀ dùn fún ọ̀sẹ̀ kan, títí ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ fi ṣàlàyé pé ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí mọ́kàndínlógún. Ohun tó kọ sí wọn kò ju báyìí lọ: "Ẹ kò mọ̀ mí. Mo ti jà yín lólè, mo tú fíìmù ilé ìwòsàn tí ẹ bá wọn ṣe sí èdè wa láìgba àṣẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Mọ́kànlá ti ọ̀nà pa mọ́ ọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má lè kọ̀wé sí wọn mọ́. Méjì fi í sùn pé oníjìbìtì ni. Ìgbà tó ń jalè, kò sẹ́ni tó pè é lólè. Ìgbà tó ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n pè é ní gbájúẹ̀.

Oṣù méje kọjá. Ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀, dókítà gidi ní kó má dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù kì í ṣe ikú. Ó ń bẹ̀rù pé òun á kú sẹ́nu géètì, kí òun tó padà sídìí tábìlì.

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan ni èsì dé láti ọ̀dọ̀ obìnrin tó lọ aṣọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kà á sí i létí:

"Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo rò pé ẹ fẹ́ lù mí ní jìbìtì ni. Mo ti dàgbà, mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi rí nítorí nǹkan kan, ọkọ mi pàápàá. Mi ò lè sọ̀rọ̀ fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ní ti aṣọ funfun àwọn dókítà, mo dárí jì yín."

Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó ní kí wọ́n pe Pásítọ̀ wá.

"Ẹnì kan nínú ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Pásítọ̀, ṣé ó tó?"

Pásítọ̀ gba fóònù, ó tún lẹ́tà náà kà. "Mi ò mọ̀, sà," ló wí. Kò sẹ́ni tó gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó wá ṣí àpò rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì àti ife kékeré jáde, ó sì fi fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Ògbufọ̀ jẹ, ó mu, ó nu ẹnu. Ní ọjọ́ kẹta, ó sùn lọ.

Bóyá ọ̀run ń ka ìdá kan sí odindi, àwa tó ṣẹ́ kù kò mọ̀. A ń gbàdúrà pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ mìíràn wà tí àdúrà náà máa ń wúwo lẹ́nu.

Lẹ́yìn ìsìnkú, obìnrin tó lọ aṣọ tún kọ̀wé. Ó ní wọn ò fún òun ní ẹ̀dà fíìmù náà rí, òun ò sì tíì wò ó. Ṣé bàbá lè fi èyí tó tú yẹn ránṣẹ́? Ìyàwó Ògbufọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì Pásítọ̀. "Ṣé jíjí la tún fẹ́ jí i yìí, àbí dídá la fẹ́ dá a padà?" Pásítọ̀ gbé orí lé ọwọ́. Ó ní, "Mà, ẹ fi ránṣẹ́ sí i." Ọmọbìnrin wọn fi ránṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó yí ọkàn padà. Báyìí ni nǹkan tí Ògbufọ̀ jí ṣe dé ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín.

Ọjọ́ kejì ni èsì dé. Obìnrin náà ní òun ò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè náà, ṣùgbọ́n òun wò ó dé òpin, àwọn aṣọ funfun yẹn sì gún dáadáa. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo lòun fẹ́ bi wọ́n. Ìyá àgbà aláìsàn tó ń kọrin fún ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ta ló fún un ní ohùn? Ohùn náà mú òun rántí ìyá òun.

Ìyàwó Ògbufọ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní òun fúnra òun lòun máa fèsì, kí ọmọ máa bá òun tú u, kó sì máa tọ́ka lẹ́tà. Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́ tán.

"Ọkọ mi ni. Gbogbo àwọn tó kù náà, òun ni."